Gìtá inú kọ̀ǹpútà: èwo ló bá irú orin tí ẹ ń ṣe mu?

Ẹni tó ń ṣe orin nínú yàrá rẹ̀ ní Òkè-Fíà tàbí Ògo-Olúwa lónìí lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kó ìlù, béèsì, dùùrù àti fèrè jọ, kí gbogbo rẹ̀ sì dún bíi pé odindi ẹgbẹ́ olórin ló péjọ síbẹ̀. Gìtá ló máa ń tú àṣírí. Olùgbọ́ lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n á ní gìtá yẹn ń ṣe òun bákan. Ní ìlú tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òṣogbo ni wọ́n bí King Sunny Adé sí lọ́dún 1946, àwọn àgbà ibí sì ti fi etí mọ gìtá jùjú láti òde ìnáwó kan dé òmíràn. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ plugin (ohun èlò orin tí wọ́n ń fi kún sọ́fítíwíà), ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí kò bá sí ìka lórí okùn.

Mo fẹ́ fi àwọn ohun èlò tó wà nílẹ̀ wé ara wọn, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó mú. Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí rẹ̀ ni pé ọwọ́ onígìtá ni etí ń gbọ́ ju igi gìtá lọ. Nítorí náà, ohun èlò tó bá jẹ́ kí ẹ lè ṣe ohun tí ọwọ́ ń ṣe nínú irú orin tiyín ni kí ẹ yàn, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí kò bá lè ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí ìró rẹ̀ dùn tó nígbà tó bá ń dún lóun nìkan.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Gìtá ní okùn mẹ́fà. Láti orí èyí tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, orúkọ wọn ni E, A, D, G, B, E. Okùn kan kò lè mú ohùn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ohùn tuntun bá dé sórí rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìka mẹ́rin ló ń tẹ okùn, ibi tí wọ́n sì lè nà dé kì í fi bẹ́ẹ̀ ju fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Inú ààlà yìí ni gbogbo ohun tí onígìtá ń ta ti ń jáde. Kíbọ́ọ̀dù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa fi lè tẹ gìtá tí kò sí ọmọ ènìyàn tó lè ta á.

Ẹ wo kọ́ọ̀dù G. Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ G, B, D, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fara mọ́ra. Onígìtá tó mú kọ́ọ̀dù kan náà ní ìpẹ̀kun ọrùn gìtá, níbi tó ti lè fi àwọn okùn kan sílẹ̀ láìtẹ̀, á ta G, B, D, G, B, G, láti okùn kẹfà tó nípọn dé àkọ́kọ́ tó tín-ín-rín. Ohùn mẹ́ta yẹn náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n tàn kálẹ̀ lórí octave (láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e) méjì: G dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, B lẹ́ẹ̀mejì, D lẹ́ẹ̀kan. Kọ́ọ̀dù C ní tirẹ̀ jẹ́ C, E, G, C, E lórí okùn márùn-ún, okùn kẹfà kò sì ní dún rárá. Tí ẹ bá tẹ kọ́ọ̀dù dùùrù sínú gìtá tó wọ́n jù lọ láyé, dùùrù tó wọ ẹ̀wù gìtá ni yóò jáde.

Ohùn tó wà nísàlẹ̀ jù ni E ti okùn kẹfà, tó jẹ́ nóòtì 40 nínú MIDI, èdè nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mọ̀, torí orúkọ rẹ̀ ń yí padà: FL Studio, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ń pè é ní E3, àwọn mìíràn ń pè é ní E2 tàbí E1. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ nísàlẹ̀ 40 kì í ṣe ti gìtá mọ́, àfi tí onígìtá bá dẹ okùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ orin ìyìn tó dára gan-an tí ọwọ́ òsì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bà jẹ́, torí ó gbé gìtá lọ síbi tí béèsì ń gbé.

Nígbà tí ọwọ́ bá gbá okùn lọ sísàlẹ̀, okùn tó nípọn ló ń kọ́kọ́ dún, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàfo okùn kan sí èkejì lè jẹ́ millisecond 5 sí 20, ó sì máa ń fẹ̀ sí i tí orin bá ń rọra lọ. Tí ọwọ́ bá ń padà bọ̀ lókè, okùn tín-ín-rín ni yóò kọ́kọ́ kàn, okùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì sábà máa ń dé kó tó fò kúrò, ìró rẹ̀ á sì fúyẹ́. Nínú piano roll FL Studio, ìyẹn ojú ibi tí ẹ ti ń to nóòtì, ẹ tẹ Alt+S, irinṣẹ́ tó ń ta àwọn nóòtì kọ́ọ̀dù síra báyìí á jáde. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ yọ àwọn okùn tó nípọn kúrò nínú èyí tó ń padà bọ̀ lókè.

Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, bọ́tìnì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní humanize, tó ń ti nóòtì síwá sẹ́yìn láìsí ètò. N kò gbà pé òun ni ojútùú. Ọwọ́ onígìtá kì í ṣèèṣì rìn, ó ní àṣà tirẹ̀. Èyí tó bọ́ sórí ìlù máa ń wúwo, èyí tó bọ́ sáàárín máa ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Velocity, ìyẹn agbára tí wọ́n fi tẹ nóòtì, lọ láti 1 dé 127. Tí ìgbálọ bá wà láàárín 95 sí 110, tí ìgbápadà sì wà láàárín 60 sí 75, etí á gbọ́ ọwọ́ kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Tí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ rú láìsí ètò, onígìtá tí kò mọ ìdí ìlù ni wọ́n máa gbọ́.

Gìtá àgbàsílẹ̀ àti gìtá ìṣirò

Ìdílé méjì ni àwọn gìtá inú kọ̀ǹpútà. Nínú àkọ́kọ́, wọ́n mú onígìtá jókòó sí sítúdíò, wọ́n sì gba ohùn orí fret kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ní jẹ́jẹ́ àti kíkankíkan. Tí ẹ bá tẹ nóòtì, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn ló ń dún. Bẹ́ẹ̀ ni Ample Guitar M Lite II, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni RealGuitar ti MusicLab àti Session Guitarist ti Native Instruments.

Nínú èkejì, kò sí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò bí okùn ṣe ń gbọ̀n. Lọ́dún 1983, Kevin Karplus àti Alex Strong tẹ ọ̀nà kan jáde tó fi hàn bí èyí ṣe lè rọrùn tó: ẹ mú ariwo kékeré kan, ẹ jẹ́ kó máa yí po nínú àlàfo kúkúrú, kí ẹ sì máa rọ ojú rẹ̀ díẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, yóò dún bí okùn tí wọ́n fà, tí ìró rẹ̀ sì ń kú lọ. Slayer tó wà nínú FL Studio jẹ́ ọmọ ìdílé yìí, àti Strum GS-2 ti ilé iṣẹ́ Applied Acoustics Systems ní Kánádà, tó jinlẹ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dátà fóònù gba nǹkan wálẹ̀ á kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ kan: gìtá àgbàsílẹ̀ máa ń wúwo, gígábáìtì lórí gígábáìtì nígbà mìíràn, ó sì ń jẹ RAM. Ti ìṣirò kéré nínú àpò, ṣùgbọ́n ó ń lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an, tí ẹ bá sì ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ nígbà tí iná lọ, ẹ ó rí i pé bátìrì tètè ń rẹlẹ̀.

Ní ti ìró, igi ni gìtá àgbàsílẹ̀ fi borí. Gìtá onígi tí kò lo iná ní ikùn, ikùn yẹn sì ń dáhùn sí okùn lọ́nà tí ìṣirò kò tíì mú tán sí etí mi. Ibi tí àgbàsílẹ̀ ti ń kùnà ni àtúntẹ̀. Ẹ tẹ nóòtì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tẹ̀ léra, tó bá jẹ́ àgbàsílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ tó ń yìnbọn. Àwọn tó dára máa ń ní àgbàsílẹ̀ bíi mélòó kan fún nóòtì kan, wọ́n á sì máa pààrọ̀ wọn láyìípo. Round robin ni orúkọ rẹ̀. Kí ẹ tó san owó lórí gìtá èyíkéyìí, ẹ ṣe àtúntẹ̀ yẹn lórí ti ìdánwò rẹ̀. Nínú gìtá ìṣirò, ìfà kọ̀ọ̀kan jẹ́ tuntun, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayìnbọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Fún gìtá onígi, àgbàsílẹ̀ ni, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Fún gìtá oníná tó ń ké pẹ̀lú distortion (ìró tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ya), Slayer tàbí ìṣirò mìíràn lè tó yín, torí pé distortion máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan tí ìbá fi ìṣirò hàn. Fún gìtá oníná tó mọ́, irú ti jùjú àti highlife, ẹ padà sọ́dọ̀ àgbàsílẹ̀.

Èyí tí ẹ ń ta fúnra yín àti èyí tó ń bá yín ta

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yan òdì, torí náà mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Session Guitarist àti irú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báyìí: ẹ tẹ kọ́ọ̀dù, ẹ yan àwòṣe kan, yóò sì máa gbá a fún yín pẹ̀lú ìgbálọ àti ìgbápadà tí onígìtá gidi ta ní sítúdíò wọn. Orí sọ́fítíwíà Kontakt Player ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni Kontakt Player fúnra rẹ̀, àwọn gìtá inú rẹ̀ ni ẹ ń rà. Fún orin ìjọsìn tó ń lọ jẹ́jẹ́, fún orin ìfẹ́, fún ibi tí gìtá kàn fẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún olórin, n kò tíì rí ohun tó yá tàbí tó dán tó o. Ohun tí ìbá gbà yín ní ọ̀sán gbọọrọ nínú piano roll, ẹ ó ṣe é tán kí ẹ tó mu omi. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀: ẹ má lo àwòṣe kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onígìtá máa ń fà sẹ́yìn nígbà tí olórin bá ń sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣí ọwọ́ nígbà tí ègbè bá dé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá sínú jùjú, ẹ ó rí i pé kò ní ohun tí yóò sọ. Pop, folk àti rock ló pọ̀ jù nínú àwọn àwòṣe wọ̀nyí. Gìtá jùjú kì í tẹ́ ẹní. Gìtá mẹ́ta, mẹ́rin lè wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kúkúrú tó ń tún sọ, gbólóhùn wọn á sì wọnú àlàfo ara wọn. Ọ̀kan á máa kọ gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ dì, ọ̀kan á máa ta ohùn méjì-méjì lókè, èyí tó jẹ́ aṣáájú á máa dá olórin àti gángan lóhùn. Tí aṣáájú yẹn bá sì ń sọ ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ pé: ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wà ní dò, kí gìtá sọ̀ kalẹ̀, ibi tó bá ti wà ní mí, kó gòkè. Kò sí àwòṣe tó lè mọ ohun tí olórin yín ń wí.

Fún irú orin yìí, ẹ yan gìtá tí ẹ ó máa tẹ nóòtì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí ẹ lè yan ọ̀nà ìtà: ìdì àtẹ́lẹwọ́ tí wọ́n ń pè ní palm mute, fífi ìka gbá okùn mọ́ fret láìta á lẹ́ẹ̀kejì, tó ń jẹ́ hammer-on, àti ìyọ̀ láti fret kan sí òmíràn. Àwọn kọ́kọ́rọ́ kan tó jìnnà sí ibi tí gìtá ń dún ni wọ́n sábà máa ń fi yí ọ̀nà ìtà padà. Keyswitch ni wọ́n ń pè é. Ample Lite ọ̀fẹ́ yẹn ní in, gìtá onígi sì ni, èyí tó dára fún highlife ayé àtijọ́ tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ta. Fún gìtá oníná tó mọ́, ẹ wo RealStrat ti MusicLab. Tí ẹ bá fẹ́ pa àwòṣe àti orin adáta pọ̀ síbi kan, Electric Sunburst Deluxe ní ìhà Session Guitarist ní ibi tí ẹ ti lè ta nóòtì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá ti ní i lọ́wọ́, báyìí ni mo ṣe ń kó jùjú jọ. Màá kọ́kọ́ ta gìtá tí wọ́n dì, gbólóhùn kan tí kò ju bar méjì lọ, palm mute ni gbogbo rẹ̀ àfi nóòtì tó parí gbólóhùn náà, tí mo máa ń ṣí sílẹ̀ kó mí. Lẹ́yìn náà ni ohùn méjì-méjì, mí pẹ̀lú sò, fá pẹ̀lú là, lórí okùn méjì tó ṣe kòńgẹ́ ara wọn, láàárín fret 5 sí 12. Màá rí i dájú pé kò bọ́ sórí nóòtì tí gìtá àkọ́kọ́ wà. Mono, ìyẹn ìró ojú kan ṣoṣo, ni mo ń fi gbogbo wọn sí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ gìtá inú kọ̀ǹpútà máa ń dé pẹ̀lú ìró tó gbòòrò bí gbọ̀ngàn, tí reverb, ìyẹn ìgbohùnpadà, ti wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá kó mẹ́ta irú rẹ̀ jọ, kò ní sí àyè fún gángan mọ́. Ẹ pa reverb wọn, kí ẹ fún gbogbo wọn ní yàrá kan náà níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ wíìlì kíbọ́ọ̀dù kù. Onígìtá tó ń ti okùn pẹ̀lú ìka, òkè nìkan ni ohùn rẹ̀ lè lọ, kí ó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yí wíìlì sísàlẹ̀ lẹ́yìn tó tẹ nóòtì, gìtá tó ní ọ̀pá ìgbọ̀n nìkan ló lè ṣe ohun tó ṣe yẹn. Ìyọ̀ náà ní ìlànà: lórí gìtá tó ní fret, ohùn ń gun àtẹ̀gùn ní semitone (ìwọ̀n fret kan) kọ̀ọ̀kan, kì í yọ́ lọ geere. Èyí tó ń yọ́ geere ni pedal steel, gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, tí Sunny Adé mú wọnú jùjú, tí Demola Adepoju sì ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ irú ìró yẹn, gìtá ìṣirò ló wúlò jù níbí yìí, torí kò sí ariwo ìka tàbí àgbàsílẹ̀ tó máa já lójú ọ̀nà. Ẹ ṣí pitch bend rẹ̀ (ìwọ̀n ibi tí wíìlì lè gbé ohùn dé) láti semitone 2 tó sábà máa ń wà lọ sí 12, ẹ fi wíìlì rìn lọ síbi tí ẹ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀, kí ẹ sì fi fólúùmù wọlé jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìfà, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà.

Ariwo ìka lórí okùn, ìyẹn ìró ṣíì tó ń jáde tí ọwọ́ bá ń ṣí kúrò, ẹ dín in kù sí ìwọ̀nba. Lára okùn tí wọ́n fi wáyà yí ló ti ń jáde, àwọn tó nípọn. Tó bá ń jáde lẹ́yìn gbogbo nóòtì, pàápàá lórí okùn tín-ín-rín, ẹni tó mọ gìtá á mọ̀ pé ẹ̀rọ ni.

Lúùpù, àti gìtá inú kíbọ́ọ̀dù

Lúùpù gìtá gidi dùn, ó yá, kò sì sí iyèméjì pé ọwọ́ ènìyàn ló ta á. Ṣùgbọ́n orin yín ni yóò máa tẹ̀ lé e, kò ní tẹ̀ lé orin yín, ẹlòmíràn sì lè ti lo èyí kan náà. Fún ìpolówó rédíò kúkúrú, ó tó. Fún orin tí ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín mọ́, rárá.

Ọ̀pọ̀ wa tún ní Yamaha PSR nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú irú PSR-S, àwọn gìtá kan wà tí wọ́n ń pè ní Mega Voice, tí velocity ń yí ọ̀nà ìtà wọn padà: jẹ́jẹ́ ń ṣí okùn, líle ń dì í, líle jù bẹ́ẹ̀ lọ ń mú ìyọ̀ wá. Wọn kò ṣe é fún ọwọ́ rárá, style, orin tí kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń bá yín ta, ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá so kíbọ́ọ̀dù náà mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú USB, tí ẹ sì fi suuru to velocity nínú piano roll, ẹ ó rí gìtá tó dára ju ọ̀pọ̀ plugin ọ̀fẹ́ lọ, láìná kọ́bọ̀.

Ámpù ló ń parí iṣẹ́ gìtá oníná

Gìtá oníná tí kò bá gba inú ámpù kọjá máa ń tín-ín-rín, òkè rẹ̀ á sì máa gún etí. Sípíkà ámpù gìtá, ínṣì 12 lọ́pọ̀ ìgbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó ga ju nǹkan bí 5,000 Hz jáde, ohun tí etí wa sì mọ̀ sí gìtá oníná nìyẹn. Nítorí náà, tí plugin yín bá fún yín ní ìró tí kò tíì wọ ámpù, inú yín ni kó dùn.

Méjì ni mo lè fi wéra láìsí owó níbẹ̀. Guitar Rig Player ní ámpù àti sípíkà tó ti wà létò, ẹ ṣí i, ẹ lò ó. Neural Amp Modeler tí Steven Atkinson ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Ó máa ń kọ́ ìṣe ámpù gidi, àwọn ènìyàn sì ń pín ohun tó kọ́ fún ara wọn. Ó súnmọ́ ámpù gidi jù, ṣùgbọ́n ẹ ní láti wá IR sípíkà (fáìlì tó ní ìṣesí ìró sípíkà nínú) fún un tí àwòṣe ámpù tí ẹ mú kò bá ní sípíkà nínú. Fún jùjú tó mọ́, Guitar Rig tó. Fún gìtá tó ń bú ramúramù, ẹ fara da wàhálà Neural Amp Modeler.

Bí gìtá ṣe wọ ámpù tán, ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 tàbí 100 Hz kúrò, kí béèsì àti ìlù ńlá rí àyè. Tí ẹ bá sì fẹ́ kó gbòòrò, ẹ má da tráàkì kan kọ sí òsì àti ọ̀tún. Ohun kan náà lápá méjì, àárín ló máa ń dún sí, ó kàn pariwo sí i ni. Ẹ tẹ ẹ lẹ́ẹ̀kejì fúnra yín, tàbí kí ẹ gbé kọ́ọ̀dù náà lọ sí ibòmíràn lórí ọrùn gìtá.

Sọ́fítíwíà àti onígìtá

Nínú gbogbo ìfiwéra yìí, èyí ló ṣe pàtàkì jù sí mi, torí pé Òṣogbo kò ṣaláìní onígìtá. Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ jùjú. Ẹ má pè wọ́n ní Sátidé, òde ni wọ́n wà. Sunday, ilé ìjọsìn. Àárín ọ̀sẹ̀ ni ẹ ó rí wọn.

Mo máa ń yan onígìtá nígbà tí gìtá bá ń dá olórin lóhùn, tàbí tó ní adáta tó ju bar mẹ́jọ lọ. Mo máa ń yan sọ́fítíwíà nígbà tí gìtá bá jẹ́ ìpìlẹ̀ lásán, tàbí tí orin náà ṣì ń yí kọ́ọ̀dù padà lójoojúmọ́ tí n kò sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tó bá jẹ́ gìtá onígi ni, ẹ ro ọ̀rọ̀ àdúgbò mọ́ ọn. Máíkì tó ń gba gìtá ń gba jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pẹ̀lú, kò sì sí plugin tó lè yọ ọ́ tán láìmú nǹkan lára gìtá. Nínú yàrá tí ariwo ti ń wọlé, Ample Lite tí ẹ fi suuru ta sàn ju gìtá gidi tí jẹnẹrétọ̀ ń bá kọrin lọ.

Gìtá oníná kò ní ìṣòro yẹn. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ audio interface (àpótí tó ń gbé ìró wọ kọ̀ǹpútà) kékeré, irú Focusrite Scarlett Solo, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ INST sí, kó má baà dún bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Ohun tó lè yọjú ni ìkùn iná, 50 Hz ní orílẹ̀-èdè wa, pàápàá tí pickup gìtá náà, ìyẹn ohun tó ń gba ìró okùn, bá jẹ́ single-coil, tó ní ìká wáyà kan ṣoṣo. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, ẹ lo bátìrì, kí onígìtá yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìkùn náà á fi rẹlẹ̀. Ìró tí kò tíì wọ ámpù ni kí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ fi ámpù inú kọ̀ǹpútà sí i lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ló pa méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi sọ́fítíwíà ta gbogbo gìtá orin náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá onígìtá yín pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ orin àti BPM rẹ̀ (bí ó ṣe yá tó), kó ti mọ̀ ọ́n kó tó dé. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó ta aṣáájú, kó sì ta gìtá tí wọ́n dì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Ohùn méjì-méjì ti sọ́fítíwíà lè dúró sáàárín wọn. Tí àkókò tirẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, nóòtì kọ̀ǹpútà ni kí ẹ sún lọ bá tirẹ̀.